Oògùn Táyé Lẹ́nu Kẹ́hìndé

Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wá kí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. "Màmá Ṣọlá, ẹ̀rù ò bà yín ni? Gbogbo ayé yín lẹ fi tọ́jú wèrè!" Èmi náà á kọ́kọ́ bá wọn wí ná. Ẹ má pe ọmọ ọlọ́mọ ní wèrè níwájú mi o. Àìsàn ni, gẹ́gẹ́ bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n jókòó, màá bu ẹ̀pà fún wọn, màá wá sọ fún wọn pé bí Ọlọ́run bá ní kí n tún ayé wá, iṣẹ́ yìí náà ni màá tún ṣe. Mi ò parọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ Èrúwà ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, ìyá mi ń ta aṣọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, bàbá mi gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan lápá Abẹ́òkúta ń wá àwọn ọmọ tó mọ̀wé láti kọ́ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n lọ. Mo lọ, wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, wọ́n gbà mí. Ti owó oṣù, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ó tó jẹun, ó tó fi ránṣẹ́ sílé, ó parí. Ìgbà tí mo débẹ̀ tán ni mo tó mọ̀ pé àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Modúpẹ́, ta ni yóò wá fẹ́ ọ báyìí?" Mo rọ́kọ fẹ́ o, mo sì bímọ. Ọkọ mi gan-an máa ń sọ pé èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó lè tọ́jú òun.

Ohun tí mo fọkàn rò kọ́ ni mo bá níbẹ̀. Mo ti rò pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni màá rí, àti àwọn èèyàn tó ń ké. Háà! Mo bá àwọn èèyàn tó ń roko, mo bá àwọn tó ń hun ẹní, mo bá àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá mú aláìsàn wá kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ kó máa lọ. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ó gbọ́dọ̀ dúró ti èèyàn rẹ̀, kó máa se oúnjẹ fún un, kí àwa náà sì máa kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún un lóògùn. Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú wa sọ fún wa pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn hóró oògùn tuntun tó dé, dídì mọ́lẹ̀ ni. Oògùn ló tú okùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ọ̀gbẹ́ni Akínlàbí lorúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá Akínlàbí la máa ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí sítáàṣì ti mú kó gan pa. Kì í rẹ́rìn-ín. Bí o bá pẹ́ dé, kò ní bú ọ. Yóò kàn yọ aago rẹ̀ lápò, yóò wò ó, yóò wo ojú rẹ, yóò sì dá a padà sápò. Lọ́jọ́ tó ṣe é sí mi, ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn. N kò pẹ́ dé mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lóògùn. Ẹ̀yin á ní kí ló wà níbẹ̀? Ó pọ̀ níbẹ̀ o. Wàá fún un lómi, wàá dúró kó gbé e mì, wàá ní kó lanu, wàá ní kó gbé ahọ́n sókè. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n á fi oògùn pamọ́ sí, wọ́n á lọ tu ú dànù sẹ́yìn ilé ìdáná. Adìẹ kan wà tó ń sùn lẹ́yìn ilé ìdáná yẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò yẹ̀ fún èèyàn, tí kò yẹ̀ fún ajá. A ti ń sọ pé ó ti di arúgbó. Ọ̀gá Akínlàbí ló bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ ibẹ̀, ó ṣa hóró oògùn mélòó kan, ó kó o wá síwájú wa. Ojú tì wá débi pé a ò lè wo ara wa.

Èkejì ló le jù. Láràárọ̀, a gbọ́dọ̀ gbé nǹkan méjì síwájú aláìsàn, ká ní kó mú èyí tó wù ú. Ẹ̀kọ àbí gàárì. Aṣọ funfun àbí aláró. Ṣé oko lo fẹ́ lọ lónìí, àbí o fẹ́ hun ẹní? A kò gbọdọ̀ bá a yàn, a kò sì gbọdọ̀ kán an lójú. Èmi rò pé Ọ̀gá kàn fẹ́ fìyà jẹ wá ni. Àgbẹ̀ kan wà tó ti Ayétẹ̀ wá, Bàbá Jímọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ àti gàárì síwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Oòrùn yọ, ó ń wò wọ́n. Ebi ń pa èmi fúnra mi. Mo bá gbé ẹ̀kọ lé e lọ́wọ́, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ ẹ̀kọ, ó máa ṣe yín lóore." N kò mọ̀ pé Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi. Ó gba àwo náà jẹ́jẹ́, ó gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì.

"Sísítà Dúpẹ́, ta ló ń ṣàìsàn?"

"Bàbá Jímọ̀ ni, sà."

"Ta ló wá mú ẹ̀kọ?"

"Èmi ni, sà."

"Bí ìwọ bá ń bá a mú un, báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá oògùn tí mo ń fún un ti pọ̀ jù? Jókòó."

A jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìgbà tó yá, Bàbá Jímọ̀ ti àwo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní iṣu sísun ni òun fẹ́. Ọ̀gá Akínlàbí tí kì í rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ yọ! Ó ní kí n lọ wá iṣu wá. Mo rin gbogbo ọjà já nínú oòrùn ganrínganrín, mo sì ń bú u nínú ọkàn mi. Mo bú u dáadáa.

Nígbà tí mo dé, ó pè mí jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní inú ọpọlọ wa kún fún àwọn èròjà tín-tìn-tín kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ojú rí iṣu sísun. Èròjà kan wà níbẹ̀ tó máa gbé e lọ síbi tí a ti ń sọ pé, "Èyí dáa, dìde, lọ mú un." Bí iṣẹ́ èròjà yẹn bá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, gbogbo nǹkan ni yóò máa pe èèyàn. Ewé tó já bọ́ á di àmì, rédíò á máa bá a sọ̀rọ̀, yóò sì máa ṣe ìpinnu tí gbogbo ayé rí i pé kò bọ́ sí i. Oògùn wa ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá wá pọ̀ jù, ara á le, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìfẹ́-ọkàn á sì kú. Èèyàn á ṣì mọ orúkọ ara rẹ̀, á mọ ọ̀nà ilé, ọgbọ́n rẹ̀ ò ní lọ síbì kan. Àmọ́ kò ní fẹ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí o bá ti ní kó ṣe náà ni yóò ṣe.

Lónìí àwọn dókítà ti ń dárúkọ àwọn èròjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Dopamíìnì ni wọ́n ń pe ti "dìde, lọ mú un" yẹn. Wọ́n ní òun nìkan kọ́, wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́nà tí ẹnìkan ò tíì lóye rẹ̀ tán. Èmi ò tó ẹni tó ń bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ iṣu sísun yẹn, ojú tí mo fi ń wo èèyàn yí padà. Mi ò tún bú ẹnikẹ́ni pé ó ya ọ̀lẹ kí n tó bi í léèrè bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun. Èmi alára, bí inú bá ń bí mi, mi ò jẹ́ lọ ra aṣọ lọ́jà. Ìgbà tí inú mi bá rọ̀ ni màá tó lọ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n ní kí Ọ̀gá Akínlàbí wá dá ilé ìtọ́jú kékeré kan sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà fún gbogbo Ìbàràpá. Ó ní Sísítà Dúpẹ́ ni kí wọ́n bá òun fi kún un. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn! Mo padà sílé, mo tún ní ọ̀gá mi lọ́wọ́. Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́, torí àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí ń gbádùn. Ìgò ni abẹ́rẹ́ tiwa nígbà náà. Sísè ni à ń sè é nínú ìkòkò lórí sítóòfù láràárọ̀, bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá sì kú, òkúta la fi ń pọ́n ọn. Ẹ wo ojú yín! Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ olóròóró dé, èyí tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù dípò hóró oògùn ojoojúmọ́. Ẹni tó ń rìn láti oko jíjìn wá gba oògùn, ó wá ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo yọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò yọ̀ tó mi. Ó ní à ń rí ìdí aláìsàn tí a fẹ́ gún, a ò rí ojú rẹ̀ tó mọ́. Ó bá ṣòfin pé kò sí ẹni tó máa gún abẹ́rẹ́ láìkọ́kọ́ jókòó bá ẹni náà sọ̀rọ̀.

Kí abẹ́rẹ́ olóròóró yẹn tó dé ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀.

Ìdílé mùsùlùmí kan wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, àgbẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n bí ìbejì obìnrin, Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n sì ti dàgbà tó ilé ọkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe ìbejì lọ́dọ̀ wa. Ohun tí a bá rà fún ọ̀kan la ó rà fún èkejì, oúnjẹ tí ọ̀kan bá jẹ lèkejì yóò jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú á bí èyí tí a kò fún, ó sì lè ṣe bí ẹni fẹ́ padà síbi tó ti wá. Ẹ̀gúsí ni àwọn méjèèjì ń tà. Táyé ló ń wọ̀n ọ́n, Kẹ́hìndé ló ń bá oníbàárà nájà. Háà, Kẹ́hìndé! Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan, Àlàájì Múfú, ń fẹ́ ẹ, ó sì wu bàbá rẹ̀ púpọ̀. Kẹ́hìndé ní, "Bàbá, bó bá wù yín tó báyìí, ẹ fẹ́ ẹ fúnra yín!" Òun ní ọjà Ìbàdàn ni òun fẹ́ máa kó ẹ̀gúsí lọ, òun ò tíì ráyè ilé ọkọ. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Táyé ló ṣàìsàn. Kò sùn mọ́. Ó ní rédíò ń dárúkọ òun. Ó gbé odidi àpò ẹ̀gúsí lọ dà sódò, ó ní odò ló ní kí òun mú un wá. Bàbá ń rò ó síwá sẹ́yìn, Kẹ́hìndé ò dúró. Ó gbé Táyé sórí alùpùpù, ó fi ọ̀já dì í mọ́ ara rẹ̀ kó má baà bọ́ sílẹ̀, ó gbé e wá bá wa. Ó sọ fún Ọ̀gá mi pé, "Ẹ bá mi wò ó o. Bí ẹ ò bá lè wò ó, ẹ tètè sọ, kí n mọ ibi tí màá gbé e lọ." Ọ̀gá wò ó tìyanutìyanu. Ó ní ọmọ yẹn mọ ohun tó ń fẹ́.

A tọ́jú Táyé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, wọ́n gbé e padà sílé. Ìyá wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń wá gba oògùn lọ́wọ́ wa. A ti kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Oògùn ń tán lásìkò, ṣùgbọ́n Táyé ò gbádùn bó ṣe yẹ. Ọ̀gá bá fi kún oògùn náà. Síbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Níbi tí a ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ìròyìn dé pé Kẹ́hìndé ti gbà láti fẹ́ Àlàájì Múfú, pé wọn yóò so yìgì lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo ní, "Kẹ́hìndé wo?" Ọ̀gá gbé fìlà rẹ̀, ó ní kí n gun ẹ̀yìn alùpùpù, ká lọ wò wọ́n.

Abẹ́ ibòji la bá Kẹ́hìndé, tòun ti àtẹ ẹ̀gúsí níwájú rẹ̀. Eṣinṣin bà á lójú, kò lé e. Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Kẹ́hìndé, èló ni ẹ̀gúsí o?"

Ó ní, "Iye tí ẹ bá fẹ́ san, Sísítà."

Orí mi wú. Kẹ́hìndé! Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ dá gbáú, kò ṣẹ́jú dáadáa, itọ́ ń dà létí ẹnu rẹ̀. Mo yíjú sí Ọ̀gá, mo rí i pé òun náà ti rí i. Mo rò pé àìsàn Táyé ti ran Kẹ́hìndé.

Ìyá Ìbejì jáde wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ káàbọ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé ọmọ mi ti di ẹni jẹ́jẹ́? Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́." Ó ní ká jọ̀wọ́ ká jókòó, àsìkò oògùn ti tó. Ó kó hóró oògùn Táyé jáde, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó pín in dọ́gba. Ó fún Táyé ní tirẹ̀, ó fún un lómi, ó ní kó lanu, kó gbé ahọ́n sókè, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ. Ó wá fún Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ náà. Ó ní kí òun náà lanu.

Mo pariwo, "Ìyá Ìbejì! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó ní, "Sísítà, ṣé mo wá lè fún ọ̀kan kí n má fún èkejì ni? Ọmọ tó ti ń ṣàìsàn ti ń ṣàìsàn. Ẹ fẹ́ kí n tún mú inú bí èyí tó kù, kóun náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?" Ó bú sẹ́kún.

Inú bí mi, mo ti lanu láti bá a wí. Ọ̀gá kàn wò mí bẹ́ẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ síwájú obìnrin náà, òun tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún. Ẹ̀yin ò ṣe ibi. Ẹ fẹ́ràn ọmọ yín ni. Àmọ́ oògùn yìí, Táyé nìkan ló wà fún. Ìdajì tí Táyé ń lò ò tó o. Èyí tí Kẹ́hìndé ń lò, kò ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nínú rẹ̀; ìfẹ́-ọkàn rẹ̀ ló ń pa." Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé nígbà tí òun ń fi kún oògùn Táyé, Kẹ́hìndé náà lòun ń fi kún un fún. Omi wà lójú rẹ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Níbẹ̀ ni bàbá wọn ti oko dé. Ọ̀gá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un, ó ní kí wọ́n dá yìgì dúró ná. Bàbá Ìbejì fárígá. Ó ní, "Fún kí ni? Òun fúnra rẹ̀ ló gbà. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó fún un ní ọkàn tútù. Ọlọ́run wá gbọ́ àdúrà mi tán, ẹ̀yin fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ mi?" Ó pe Kẹ́hìndé. "Kẹ́hìndé, ṣé o gbà láti fẹ́ Àlàájì Múfú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀?"

Ọ̀gá ní, "Kẹ́hìndé, bí èmi bá ní kí o má fẹ́ ẹ ń kọ́?"

"Ó dáa, sà."

"Bí mo bá ní awakọ̀ rẹ̀ ni kí o fẹ́?"

"Ó dáa, sà."

Bàbá Ìbejì wo ọmọ rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀ léjìká. Ó ní, "Mo ti pe èèyàn. Wọ́n ti ra màlúù. Kí ni mo fẹ́ wí fún Àlàájì?"

Ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù abúlé náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ. Bàbá arúgbó ni, kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n mú Kẹ́hìndé wá, ó bi í ní ìbéèrè tirẹ̀, ó gbọ́ ìdáhùn. Ó ní, "Àṣẹ tí ọmọbìnrin bá fi ẹnu ara rẹ̀ pa ni èmi fi ń so yìgì. Èyí tí mo gbọ́ yìí kì í ṣe àṣẹ. Mi ò so ó. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ padà ná, kí n tún bi í." Bàbá Ìbejì gbà. Àlàájì Múfú, Ọlọ́run á san án fún un, ó ní òun á dúró.

Ìyá Ìbejì ló kù. Ó ṣì ń bẹ̀rù. Ọ̀gá Akínlàbí bá mú hóró oògùn afúnnilókun kan wá láti Igbó-Ọrà, èyí tí à ń fún aboyún, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ní, "Ti Kẹ́hìndé nìyí. Eléyìí ni ti Táyé. Àsìkò kan náà ni kí ẹ máa fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ." Ojú obìnrin náà là. Ó gbàdúrà fún Ọ̀gá títí a fi gun alùpùpù wa. Èmi tí mo fẹ́ bá a jà, mo kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn ju èyí tí mo kọ́ ní gbogbo ọdún mi ní Abẹ́òkúta lọ.

Oògùn Táyé tó ti mọ́ Kẹ́hìndé lára, àwa fúnra wa la ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí a fi mú un kúrò. Èmi ni mo ń lọ wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wá jẹ́ pé kò padà ń kọ́? Ṣé irú ọmọ yẹn ni yóò máa jẹ́ "ó dáa" fún ayé títí ayé? Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mo rí i pé ó lé eṣinṣin. Ìgbà tí mo tún lọ, ó bá ọmọdé kan wí pé ó ń tẹ àtẹ òun. Mo gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, mo ń kọrin lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n bímọ fún. Táyé náà, tó ti wá ń lo gbogbo oògùn tirẹ̀, kò gbọ́ rédíò mọ́.

Nígbà tó yá, Lèmọ́mù ní kí gbogbo wa pé jọ. Bàbá àti ìyá wà níbẹ̀, Àlàájì Múfú wà níbẹ̀ nínú agbádá rẹ̀, èmi àti Ọ̀gá jókòó sí kọ̀rọ̀, Táyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lèmọ́mù ní, "Kẹ́hìndé, Àlàájì yìí ní òun fẹ́ ọ. Kí lo wí?"

Kẹ́hìndé kúnlẹ̀. Ó ní, "Àlàájì, ẹ ṣeun. Ẹ ní sùúrù fún mi, mi ò ní gbàgbé. Èèyàn dáadáa ni yín. Mi ò fẹ́ yín." Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó tún ní, "Ọkọ̀ yín tó ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ ọjà ni mo fẹ́. Èló lẹ máa gbà lórí àpò ẹ̀gúsí kan?"

Àlàájì Múfú, ẹnu yà á, ó dárúkọ iye kan.

"Háà, Àlàájì! Ṣé orí lẹ fẹ́ fi rù ú ni?"

Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, ó ń lu itan ara rẹ̀, ó ń wí pé, "Òun nìyẹn! Kẹ́hìndé mi nìyẹn!" Àlàájì náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń dín owó kù. Èmi sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Ọ̀gá mi yọ aago rẹ̀ jáde, ó ń wò ó gidigidi, torí kò fẹ́ kí a rí ojú òun.

Táyé ní, "Ẹ ò tíì bi èmi."

Lèmọ́mù ní, "Òótọ́ lo sọ. Kí ni ìwọ fẹ́, Táyé?"

Ìyá wọn ti fẹ́ bá a dáhùn. "Òun àti Kẹ́hìndé ni wọ́n jọ máa..." Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, ìyá dákẹ́. Táyé ronú, a dúró dè é.

Ó ní, "Mi ò bá a lọ Ìbàdàn. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń kọ́ mi lóyì. Ilé ni mo fẹ́ wà, kí n máa pa ẹ̀gúsí, kí n máa sùn bí oorun bá ń kùn mí."

Kẹ́hìndé yíjú sí i. "Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ìyá Ìbejì wo èyí, ó wo tọ̀hún. Láti ìgbà tó ti bí wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀kan fẹ́ ohun tí èkejì kò fẹ́. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

Ó ní, "Ó dáa. Kí Kẹ́hìndé máa lọ. Kí Táyé máa sùn."